Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Aláìlókùn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ni

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)



Ó ṣòro lónìí láti rí ilé kan ní Olúpọ̀nnà tí kò sí fóònù nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ ń fi í béèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí ní ọjà Ìwó. Ìyá ń fi í mọ̀ pé owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó ti wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í wo èsì ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba ojú sánmà kọjá láìsí wáyà, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé, "Iṣẹ́ òyìnbó ni." Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Ó sì ń pa ẹni tí ó ń sọ ọ́ lára, nítorí ẹni tí ó bá ti gbà pé àràmàǹdà ni nǹkan kan kò ní gbìyànjú láti kọ́ ọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹnìkan ṣoṣo tí ó dá ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe é. Oníkálukú tú kókó kan péré, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ìbánisọ̀rọ̀ láti òkèèrè kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba ńlá ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Dùndún ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ èdè ìlù a sì mọ ohun tí ó wí. Irú ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú rédíò: àmì tí ẹni méjì ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni wọ́n ń gbé lé ìgbì, tí ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún yóò sì tú u.

James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó fi ìṣirò fi hàn ní ọdún 1865 pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Láàárín ọdún 1886 sí 1888, Heinrich Hertz ní ilẹ̀ Jámánì fi àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1895, Jagadish Chandra Bose, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, rán ìgbì gba inú ògiri kọjá ní ìlú Calcutta, ó sì fi lu agogo ní òdì kejì. Ní ọdún 1896 ni Guglielmo Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀ mẹ́rin ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti wá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń ṣe ìjọba lé lórí nígbà náà.

SÁNMÀ KAN, ÈNÌYÀN PÚPỌ̀

Lẹ́yìn èyí ni ìṣòro tí ó tóbi jù wá yọjú. Bí ogún ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú yàrá kan, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ wí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì rédíò rí, nítorí àyè tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe pín sánmà kan lò láìsí ìjà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwárí tí ó tẹ̀ lé e ń wá ojútùú sí.

Èkíní: Ní oṣù December 1947, Douglas Ring ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà kọ ìwé kan pé kí wọ́n pín ilẹ̀ sí àgbègbè kéékèèké, kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ìgbì tí wọ́n bá ń lò ní àgbègbè kan ṣeé tún lò ní òmíràn tí ó jìnnà sí i díẹ̀. Bí arìnrìn-àjò bá kúrò ní abẹ́ òpó kan, òpó kejì yóò gbà á. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí Martin Cooper ti ilé-iṣẹ́ Motorola tó fi fóònù àfọwọ́gbé pe ènìyàn ní ìgboro New York, ní ọjọ́ 3 oṣù April 1973.

Èkejì: Ní Yunifásítì Hawaii, tí ó wà lórí erékùṣù láàárín òkun, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ọdún 1971. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ALOHAnet. Òfin wọn rọrùn: ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, kí oníkálukú dákẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tí kò dọ́gba, kí ó tó tún un sọ. Títí di òní, irú òfin yìí ni fóònù ń lò nígbà tí ó bá fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òpó. Sùúrù ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta: Ní ọdún 1984 àti 1985, Friedhelm Hillebrand ará Jámánì àti Bernard Ghillebaert ará Faransé ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí fóònù àti òpó fi ń bá ara wọn ṣètò ìpè máa ń ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ tí ń padà bọ̀ lófìfo ni. Kí ló dé tí wọn kò fi ní di ẹrù díẹ̀ sínú rẹ̀? Ẹrù náà ni àtẹ̀jíṣẹ́, èyí tí wọ́n fi mọ sí lẹ́tà 160. Èyí àkọ́kọ́, tí í ṣe ìkíni ọdún Kérésìmesì, ni wọ́n fi ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù December 1992. Nítorí irú ọ̀nà yìí ni ẹni tí kò ní dátà rárá fi lè tẹ nọ́ńbà báǹkì lórí fóònù kékeré, kí ó sì fi owó ránṣẹ́.

BÍ Ó ṢE DÉ NÀÌJÍRÍÀ

Títí di ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá kí wọ́n tó lè pe ọmọ wọn. Ní oṣù January ọdún náà, àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo. MTN, Econet àti NITEL san dọ́là mílíọ̀nù 285 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ní oṣù August 2003, Globacom dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, dípò kí ẹni tí ó sọ gbólóhùn kan san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní oṣù December 2021, wọ́n ta ìgbì 5G ní dọ́là mílíọ̀nù 273.6 fún MTN àti iye kan náà fún Mafab.

Owó ńlá ni èyí, sánmà Nàìjíríà sì ni wọ́n tà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àwárí tí ọ̀rọ̀ yìí kà sílẹ̀, èwo ni ó ti ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà wá? Ẹni tí ó ń ra nǹkan nìkan, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò san.

ẸNI TÍ Ó BÁ RÍ I, KÍ Ó KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Thomas Campana, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí bí lẹ́tà kọ̀ǹpútà yóò ṣe gba ojú sánmà dé ọwọ́ ènìyàn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí. Nígbà tí BlackBerry gbòde, ilé-iṣẹ́ NTP, tí òun àti agbẹjọ́rò kan dá sílẹ̀, pe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lẹ́jọ́. Ọ́fíìsì ìjọba tún ń yẹ àwọn ìwé ẹ̀tọ́ náà wò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí ìjà ní oṣù March 2006, tí wọ́n sì san dọ́là mílíọ̀nù 612.5. Campana ti kú ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ sílẹ̀ kò kú.

Nàìjíríà náà ní òfin ẹ̀tọ́ olùṣàwárí láti ọdún 1970. Ogún ọdún ni ẹ̀tọ́ náà lè wà fún, Àbújá sì ni wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tuntun ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti tú àṣírí rẹ̀ fáyé kí ó tó forúkọ sílẹ̀ lè pàdánù rẹ̀.

ÀMỌ̀RÀN FÚN Ọ̀DỌ́

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sá fún ìṣirò àti físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí ìṣirò ni Maxwell fi rí ìgbì kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, kí ó má ṣe dúró sórí ojú fóònù tí ó fọ́. Kí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ka ọmọ tí ó ń tú rédíò àtijọ́ wò sí ọmọ tí ń bayé jẹ́. Kí oníkálukú sì wá kókó kan tí ó wà nítòsí rẹ̀: oko tí ìgbì kò dé, òpó tí ń dákẹ́ nígbà tí kò sí iná, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé tí ó sì fẹ́ mọ iye ọjà. Kókó kan péré ni Abramson tú. Kókó kan péré ni Hillebrand àti ẹnìkejì rẹ̀ tú.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọ̀dọ́ ní òye, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.