Iná Iwájú Ọkọ̀ Tí Kò Tọ́, àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Nílé

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin awakọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì lóru,

Ojú lọba ara. Ẹni tí ó bá dí ọmọnìkejì rẹ̀ lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ bá tàn sí awakọ̀ rẹ̀ lójú, tí kò fi ríran fún ìṣẹ́jú àáyá 3, yóò ti rìn ju mítà 60 lọ bí afọ́jú. Láàárín mítà 60 yìí ni ọmọ tí ń ti oko bọ̀ lè wà, tàbí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní iná, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé awakọ̀ tí ó kọ̀ láti rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe irú ibi yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọlúwàbí tí ó rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ lè máa ṣe é láìmọ̀, bí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tọ́. Bí àwọn tí ń bọ̀ bá ń ṣẹ́ iná sí i léraléra, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tan iná gíga, kí ó má ṣe bú wọn. Kí ó lọ wo ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ń fa èyí kò ṣòro láti mọ̀. Kòtò ojú títì tàbí ìkọlù kékeré lè ṣẹ́ etí iná. Sípíríǹgì ẹ̀yìn lè ti rọ̀. Ẹrù tí ó wúwo jù nínú búùtù a sì máa gbé imú ọkọ̀ sókè. Òmíràn tún wà. Àwọn iná tí a ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáànù, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì, a máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ sí apá òsì, kí awakọ̀ lè rí ẹni tí ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń gba apá ọ̀tún. Bí a bá ra irú iná bẹ́ẹ̀ ní àlòkù tí a sì fi sára ọkọ̀ níhìn-ín, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò máa wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yíyí súkúrù kò lè wo àrùn yìí sàn. Pípààrọ̀ iná náà ni oògùn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé iná náà kàn yẹ̀ kúrò ní ipò ni, baálé ilé lè tún un ṣe. Ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí ògiri dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ pé nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé epo tó ìdajì táǹkì, àti pé kò sí ẹrù àlejò nínú búùtù. Bí bọ́tìnì tí ń gbé iná sókè sódò bá wà lẹ́bàá ìdarí, ẹ yí i sí 0. Kí ẹnì kan jókòó sí àyè awakọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ wa ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi téèpù tàbí ṣọ́ọ̀kì fa àgbélébùú sí ibi tí àárín iná kọ̀ọ̀kan dojú kọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fà á sẹ́yìn lọ́nà títọ́, títí iná yóò fi jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 25. Ẹ tẹ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí sípíríǹgì lè jókòó.

Ẹ tan iná rírẹlẹ̀. Ẹ fi páálí dí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan, kí ẹ tó wo èkejì. Ẹ má ṣe fi aṣọ bò ó, nítorí iná náà a máa gbóná. Ibi tí òkè ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn lára ògiri yẹ kí ó fi íńṣì 2 sí 3 rẹlẹ̀ ju àárín àgbélébùú lọ. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ ìwọ̀n mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn iná, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, súkúrù méjì ni ó sábà máa ń wà: ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sódò, èkejì ń tì í sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré íńṣì 2. Ìmọ́lẹ̀ tí ó fi íńṣì 2 ga ju àárín àgbélébùú lọ lára ògiri yóò ti fi íńṣì 20 ga jù ú lọ ní ibi tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 250. Bí iná fúnra rẹ̀ bá ga ní íńṣì 26 sí ilẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ di 46; kò sì jìnnà sí ibi tí ojú ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ kékeré wà.

Bí súkúrù bá ń yí tí ìmọ́lẹ̀ kò sì mira, etí iná ti ṣẹ́. Ẹ gbé e lọ fún rewáyà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fọ́n káàkiri lẹ́yìn tí a pààrọ̀ gílóòbù, ó lè jẹ́ pé kò jókòó dáadáa. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tún un gbé kalẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka kan gíláàsì gílóòbù halogen, nítorí ọ̀rá ọwọ́ a máa dín ẹ̀mí rẹ̀ kù. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi dì í mú. Gílóòbù tí ó lágbára jù kì í tún iná tí ó yẹ̀ ṣe. Ṣe ni ó ń fi kún ìpalára. Ní ti iná xenon, iná mànàmáná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni gbogbo èyí, kò sì gbà ju téèpù, páálí àti sukurudíráfà lọ. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀: ọkọ̀ ẹni tí a dí lójú kò mọ ẹlòmíràn tí yóò yà sí ju ẹni tí ó dí i lójú lọ. Kí olúkúlùkù wo iná ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó tún rin ìrìn-àjò òru.