Ewé tí à ń sun ni oúnjẹ ilẹ̀ wa



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní oko díẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò. Ilẹ̀ wa ńkọ́? Yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Òjò á fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ, oòrùn á mú, ẹ̀wà á rọ kó tó so. Ẹ rántí ọdún tí a yáwó ẹgbẹ́ ra ajílẹ̀ àpò, tí òjò kan ṣoṣo gbé e lọ. Owó ọjà la fi san gbèsè náà. Ó ṣì ń dùn wá.

Bẹ́ẹ̀, ewé wà nílẹ̀ tí à ń dáná sun! Ní IITA n'Íbàdàn, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wọ́n gbin igi agúnmaníyè ní ìlà-ìlà sáàárín oko, wọ́n ń gé ewé rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn. Ewé yìí máa ń tètè jẹrà, á di ọ̀rá ilẹ̀. Kó tó jẹrà, ó ń bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, omi á dúró, koríko ò sì ní pọ̀.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Tí ẹ bá gbin ẹ̀wà àrọ̀kúrò, ẹ jẹ́ kó yọ ewé mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ ro oko, kí ẹ wá tẹ́ ewé agúnmaníyè tàbí ewé Akíntọ́lá sáàárín ìlà, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ má bo ìdí ẹ̀wà mọ́lẹ̀, kó má baà rà. Kí ewé Akíntọ́lá tó tanná ni kí ẹ gé e. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, igbó lẹ gbìn yẹn.

A ò ní purọ́ fún yín: ewé kì í pa kòkòrò ẹ̀wà, ìyẹn ní ìtọ́jú tiẹ̀. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí a tó tún yáwó ajílẹ̀, kí kálukú tẹ́ ewé sí ìlà márùn-ún, kó fi márùn-ún sílẹ̀ láìtẹ́. Tí a bá kórè, ẹ kó méjèèjì wá sí ìpàdé, ká wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọlọ́jà ni wá. Kóńgò kì í ṣègbè.

Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ bá wa fi iná sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ò ní bàjẹ́ o.