Ta Ni Ń Ro Láfún Nínú Ilé Yín?

Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí ní Ọdẹ́dá, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 15 ni ó mọ láfún jẹ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn kan a ní ọkùnrin kì í dáná. Imam Bukhari gbà á wá pé nígbà tí wọ́n bi Àíṣà léèrè ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Bí àkókò ìrun bá tó, a jáde lọ.

Ìmọ̀ wà nínú láfún. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 3 tàbí 4 títí yóò fi rọ̀, a ó sá a sórí àpáta (àpáta kò kúkú wọ́n ní Ọdẹ́dá) kí a tó lọ̀ ọ́, kí a sì jọ̀ ọ́. Oró ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò. Rírẹ ẹ́ dáadáa ni ó ń lé e jáde. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú yọ ọ́ lómi lọ́jọ́ kejì lè ṣe ará ilé ní jàǹbá. Ọmọ tí kò bá wọn ṣe é rí, níbo ni yóò ti mọ èyí?

Ní ọjọ́ Sátidé, kí tọkùnrin tobìnrin wọn bó ẹ̀gẹ́ pọ̀. Kí ọmọ di orógùn mú. Bí láfún náà bá ní kókó, kí bàbá jẹ ẹ́ láìbínú; Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ rí.