Wọ́n Ṣe Sáfíìsì Tán, Ọkọ̀ Ò Tètè Sítáàtì Mọ́

   Lónìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àgbàlagbà kan lólè nítorí bóòtù kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ Àǹtí mi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, Corolla 2003. Oúnjẹ ni Àǹtí ń tà, ó ń gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn káàkiri Ìbàdàn, kí aago méjìlá tó lù. Tí ọkọ̀ yẹn bá kọ̀ jálẹ̀ ní Bódìjà, ìrẹsì á tutù, àwọn oníbàárà á sì ra ti ẹlòmíì. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́.

Ó gbé e lọ fún sáfíìsì lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n pa ọ́ìlì dà, wọ́n pààrọ̀ fílítà àti plọ́ọ̀gì, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ́ńjìn-síìtì tó wà lápá gíàbọ́ọ̀sì, torí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n jìgìjìgì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó yí kọ́kọ́rọ́. Rùù… rùù… rùù… Bí arúgbó tó ń gun òkè. Ó padà sítáàtì o, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó burú ju ti àárọ̀ lọ.

Ló bá pè mí. "Wá wo ọkọ̀ mi o. Bàbá ti pààrọ̀ bátìrì mi!"

Bátìrì yẹn ò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ. Ó sì ti pe réwáyà kan ládùúgbò, ìyẹn ní kíìkì-sítátà ló kú, kó lọ mú ₦45,000 wá kí òun bá a ra tòkúnbọ̀ ní Arárọ̀mí, ní Agodi Gate. Owó iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Inú mi ru. Mo ti gbé fóònù sọ́wọ́ láti pe Bàbá mẹkáníìkì, ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ ilé wa ṣe látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kí n tó tẹ nọ́ńbà, mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì: déètì tí èmi fúnra mi fi máákà kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tá a rà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi, tí kò dáa yẹn.

Mo rọra fi fóònù sápò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, torí pé ìlọ́ra ọkọ̀ pé méjì. Èkíní, ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, kíákíá, ṣùgbọ́n kò gbaná bọ̀rọ̀. Iná mànàmáná inú kíìkì kọ́ nìyẹn. Epo, atẹ́gùn tàbí plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́yìn sáfíìsì, ẹ wo rọ́bà ńlá tó ti ibi fílítà atẹ́gùn lọ sí ẹ́ńjìnnì, ṣé wọ́n dè é padà? Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára rẹ̀, ṣé wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́? Tó bá jẹ́ epo lẹ fura sí, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì kíìkì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá kíìkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ńpù á ti ti epo síwájú nígbà yẹn. Tó bá wá gbaná lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé epo ló ń padà sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Ti Àǹtí kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí wúyẹ́wúyẹ́. Bátìrì, wáyà, tàbí kíìkì-sítátà. Mẹ́ta péré.

Mo ní kí Àǹtí tan iná iwájú, kó wá kíìkì. Tí bátìrì bá kú, iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pẹ̀lú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ń tàn ganrínganrín, ẹ́ńjìnnì ní ń sùn. Mo fi mítà wọn bátìrì. Nígbà tá a pa ọkọ̀, fóòtì 12.6, bátìrì tó kún nìyẹn. Nígbà tó ń kíìkì, 11.4. Tó bá já sísàlẹ̀ 9.6, ká ní bátìrì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Iná wà nínú bátìrì, kò kàn rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ kíìkì ni.

Mo wá fi ẹnu mítà kan sí orí négétíìfù bátìrì, mo fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, mo ní kí Àǹtí kíìkì. Fóòtì 2.1! Kò yẹ kó ju 0.5 lọ, ìdajì fóòtì. Ibẹ̀ ni iná ń ṣòfò sí. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn wáyà dúdú tó ti bátìrì lọ sára gíàbọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní mítà, wáyà jọ́ńpà tó. Ẹ fi gíà sí P, ẹ fa hánbùréèkì, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́. Ẹ fi ẹnu kan há orí négétíìfù, èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ pọ́sítíìfù rárá. Ẹ wá kíìkì. Ti Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, vrúùm! Àǹtí pariwo nínú ọkọ̀.

Ẹ lè ní, ṣebí iná iwájú tàn? Iná iwájú ò fa ju áńpù márùn-ún fún gílóòbù kan. Kíìkì-sítátà irú ọkọ̀ kékeré yìí lè fa ọgọ́rùn-ún sí igba. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà, tírélà ò lè gbà á. Bí ojú ibi tí wáyà ti pàdé irin bá sì ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń dí sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán fi burú ju àárọ̀ lọ. Ó tiẹ̀ léwu, torí iná á wá ọ̀nà míì gbà, bí okùn irin tọ́tù, á sì máa sun ún díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìn-síìtì yẹn ló fà á. Abẹ́ pẹpẹ bátìrì ló wà nínú Corolla yìí, wọn ò lè pààrọ̀ rẹ̀ láì gbé bátìrì kúrò, wọ́n sì tú bóòtù ẹ́ẹ̀tì.

A gbé e lọ bá Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ̀ yìí ń lọ́ra sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo wáyà ẹ́ẹ̀tì." Bàbá wò mí, wọ́n na ọwọ́ kan bóòtù yẹn, wọ́n sì fi ìka lásán yí i! Wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ wọn. "Ta ló de èyí?" Ọmọ náà ń họ orí. Bàbá tú négétíìfù bátìrì ná, wọ́n tú bóòtù náà, abẹ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì àti ìpẹtà. Wọ́n fi sáńpépà ha á títí tó fi dán, wọ́n fi sípánà dè é le. Kò pé ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní àṣìṣe ilé àwọn ni.

Réwáyà ṣì ń pe Àǹtí lórí kíìkì tòkúnbọ̀ o. Kò tíì gbé e.

Ṣùgbọ́n èmi àti Àǹtí ò tíì sọ ohun tá a kọ́kọ́ rò fún Bàbá. Bàbá, tí ọmọ yín bá fi èyí hàn yín lórí fóònù rẹ̀, ẹ má bínú sí wa, sà. A ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí ní òun á gbé oúnjẹ dání.