Àwọn Àwo Orin Tí Eruku Bò

Láàárín ọdún 1977 àti 1985, William Onyeabor ti ìlú Enugu ń ṣe àwo orin fọ́ńkì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ wọ́n jáde. Èyí tí ó ṣe ní 1985 ń jẹ́ Anything You Sow. Ẹni tí ó bá mọ Galatia 6:7 yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Lẹ́yìn náà ó fi ara rẹ̀ fún Kristi, ó sì di ọ̀pọ̀ ọdún tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ orin wọ̀nyí rárá. Ní 2013 ni Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní New York, tún gbé wọn jáde. Ó kú ní 2017.

Àwa kò dá ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin ìjọ tí wọ́n kọ ìyìn Ọlọ́run sínú àwo ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ta ni ó ní kí wọ́n dákẹ́? Abẹ́ ibùsùn ni àwo wọn wà, ooru ń mú wọn wọ́. Àjèjì tí ń rà wọ́n kò mọ ẹni tí ó dá orin náà, kò mọ ẹni tí ó gbè é. Àwọn àgbà wa mọ̀, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan to àwo tirẹ̀ lóòró síbi tí oòrùn kò dé, kí akọ̀wé sì gba orúkọ àwọn akọrin náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lórí wọn.