Bí Kò Bá Síṣẹ́, Ẹ Pa Ẹ̀rọ

 

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní lórí ètò yìí pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílùú òyìnbó ń wá bí gáàsóìlì yóò ṣe máa jó nínú iná tí kò gbóná jù. Mi ò tí ì délé tí bàbá kan tó ń fi ẹ̀rọ onígáàsóìlì lọ àgbàdo fi pè mí. "Ọmọ mi, o ṣeun! Ìyàwó mi ló ń pariwo pé mo ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dún lásán láti ìdájí. O ti gbè mí lẹ́yìn pé ẹ̀rọ tí kò gbóná ló dára." Háà! Èmi kẹ̀? Ìyá ló jàre, bàbá. Bí kò bá síṣẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ!

Òtútù tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn ń wí kì í ṣe ti irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ooru iná gan-an ni wọ́n ń bù kù. Bí iná náà bá ń lọ sí 2,000 digiri, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á di gáàsì burúkú tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Wọ́n wá ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná lè rọlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ọ. Bàbá, ẹ̀rọ yín tí ẹ fi okùn di táǹkì mọ́ lára yẹn, kọ̀ǹpútà wo ló ń ṣọ́ ọ?

Ẹ̀rọ onígáàsóìlì kò ní bùjí tó ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná tí gáàsóìlì fi ń gbiná. Bí irin bá tutù, gáàsóìlì ò ní jó tán. Òun ni èéfín funfun tó ń ta yín lójú láàárọ̀ ọyẹ́. Èyí tó kù á ṣàn sínú òróró ẹ́ńjìnnì, á mú un ṣàn bí omi. Dídún lásán kì í sì í mú ẹ̀rọ gbóná bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó dún díẹ̀, kí ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí i, iṣẹ́ ló ń mú un gbóná. Bí oníbàárà ò bá tí ì dé ńkọ́? Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ wí.

Ẹ̀yin awakọ̀ akẹ́rù tó ń ti Dassa lọ sí Djougou, mi ò gbàgbé yín. Ẹ ó dúró ní Bantè, ẹ ó jẹyán, ẹ ó bu ẹran kún un, ọkọ̀ á ṣì máa dún. Ìyá oníyán kan ránṣẹ́ sí mi pé òun kì í fi gáàsóìlì se ọbẹ̀, ẹ yéé bù ú sí i fún òun. Ẹ̀rín kọ́ o. Lọ́dún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì onígáàsóìlì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan iyán!

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni àwọn mẹkáníìkì tó ń yọ thermostat sọ nù, tí wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Òun ló ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná! Ẹ yọ ọ́ tán, gáàsóìlì ò jó tán, ẹ wá ń ṣépè fún ẹni tó ta gáàsóìlì.

Ẹ̀yin ẹlẹ́pà Savalou, ṣé ẹ mọ̀ pé ní Paris, lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí Diesel, ará Jámánì, dá irú rẹ̀ sílẹ̀? Àmọ́ ẹ má lọ da òróró ìyàwó yín sí táǹkì o, mi ò sí níbẹ̀.

 Ẹnì kan ti wà lórí fóònù. Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ dúró ná, kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé àgbàdo wà nínú rẹ̀?