Ọmọbìnrin Atàkìtì ní Yunifásítì Fisk: Ẹ̀kọ́ fún Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ó dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni ẹ ń retí. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ gbà wá láyè láti gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tí ń tàkìtì ni a fẹ́ sọ.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Òkìtì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò tí ì wo àwọn ọmọ eégún aláré rí nígbà tí wọ́n bá ń yí gbiri lójú agbo? Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ eré náà di ohun tí yunifásítì ń tìtorí rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Oríṣi mẹ́rin ni ti àwọn obìnrin: fífo orí tábìlì, fífi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, títàkìtì lórí igi kan tí ó gùn ní mítà 5, tí ó ga ju mítà kan lọ, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10, àti eré orí ilẹ̀ tí a ń fi orin ṣe. Máàkì 10 ni òpin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan ń rán jáde lẹ́ẹ̀kan, máàkì márùn-ún tí ó ga jù ni a sì ń kà. Bí ẹnì kan bá ṣubú, àwọn tí ó kù lè gbé e. Ọdún mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí wọn ni wọn yóò máa jẹ.

Àwọn ènìyàn dúdú kò pọ̀ nínú eré yìí nígbà kan. Ní ọdún 1989 ni Corrinne Wright, tí a mọ̀ sí Corrinne Tarver lónìí, ọmọ Yunifásítì Georgia, di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú àròpọ̀ eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdíje NCAA, èyí tí í ṣe ìdíje àwọn yunifásítì jákèjádò Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nínú gbogbo yunifásítì tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú níbẹ̀, kò sí èyí tí ó ní ẹgbẹ́ obìnrin atàkìtì tí ń bá irú àwọn yunifásítì bẹ́ẹ̀ díje, àfi ìgbà tí Fisk dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2022, tí wọ́n sì fi Tarver ṣe olùkọ́ wọn.

Ó yẹ kí a mọ Fisk. Ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni ó wà. Ọdún 1866 ni a dá a sílẹ̀ fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní 1871, nígbà tí owó fẹ́ tán nílé-ìwé náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orin kọ ni wọ́n jáde lọ kọrin káàkiri. Àwọn ni a ń pè ní Jubilee Singers. Owó tí wọ́n mú bọ̀ ni a fi kọ́ ilé ńlá tí a ń pè ní Jubilee Hall. Ẹ̀bùn àwọn ọmọ ni ó gba ilé-ìwé là.

Ìyẹn ni ilé-ìwé tí Morgan Price yàn. Ó ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ láti lọ sí Yunifásítì Arkansas, níbi tí ohun èlò àti òkìkí ti wà, ṣùgbọ́n ó yí padà sí Fisk, tí kò tí ì bá ẹnikẹ́ni díje rí. Ní oṣù Kìíní 2023, ní Las Vegas, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2024, ó gba ipò kìíní nínú àròpọ̀ eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdíje àwọn yunifásítì tí USA Gymnastics ń ṣe. Kò sí ọmọ yunifásítì ènìyàn dúdú tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kejì 2025, lórí ọ̀pá méjì, ó gba máàkì 10 nínú 10. Èyí náà, òun ni àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ní 2025 yìí kan náà, Price fi Fisk sílẹ̀ lọ sí Arkansas. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Fisk kéde pé ìdíje 2026 ni yóò jẹ́ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ atàkìtì rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn ilé-ìwé tí Fisk ń bá ṣeré kò ní òkìtì nínú eré wọn, ó sì ṣòro láti rí ẹni bá díje àti láti rí ọmọ tuntun. Talladega ní Alabama, tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ Fisk, ti pa tirẹ̀ tì ní 2024 lẹ́yìn ìdíje ọdún kan ṣoṣo, nítorí owó. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sàn ju ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kò kùnà o. Ọmọ gba 10. Ilé tí a kọ́ fún un ni kò ní òpó tó.

Kí a tó fi ìka sí ojú ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn tí ó máa ń tàkìtì lórí koríko nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa pàtẹ́wọ́. A pè é, a ní eré ọmọkùnrin ni, a sì fi í sí oko gígé. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i kí ó tún tàkìtì mọ́. Ìwé ìwà rere ni a rò pé a ń kọ́ ọ. Lónìí, ojú ń tì wá.

Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ní tirẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ dáwó nígbà tí a ń la pápá ìṣeré ẹ̀yìn ilé-ìwé. A jó, a ya fọ́tò, a lọ. Owó ẹni tí yóò máa gé koríko kò sí nínú ìwé ìṣirò wa. Ewúrẹ́ ni ó ń sùn níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe dá ohun tuntun kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya owó ìtọ́jú ọdún mẹ́rin sọ́tọ̀ fún un, nítorí ọdún mẹ́rin ni ọmọ kan nílò. Èkejì, kí a tún pápá náà ṣe, kí a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Àwa olùkọ́ yóò dúró tì wọ́n; a jẹ gbèsè ọmọ kan.

Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú.